Obìnrin Tí Kì Í Pe Ẹnikẹ́ni Lórúkọ

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé wa ní Peckham kò ní ariwo tirẹ̀, ariwo àwọn ẹlòmíràn là ń gbọ́. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ará òkè a máa hó gba inú ògiri wa kọjá, lífíìtì a máa kérora bí ẹni tí inú ń run, tẹlifíṣọ̀n ìyá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa a sì máa rẹ́rìn-ín láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò gbọ́ kí ìyá náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín rí. Ariwo kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwa ni ti kọ́kọ́rọ́ Mummy nínú ilẹ̀kùn. Mummy ń fọ ọ́fíìsì nídàájí, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìrọ̀lẹ́, àárín méjèèjì ló fi ń sùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa bá ìrẹsì nínú ike áísìkiriìmù kan, mo máa bá ẹ̀wà tí n kò tíì ṣà nínú èkejì, mo sì mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ ṣà á tán kí n tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Mo ń ṣà á, mo ń gbọ́ lífíìtì. Bó bá dúró ní àjà tí à ń gbé, ọwọ́ mi á dúró nínú ẹ̀wà, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ẹlòmíràn á kọjá lọ. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ lífíìtì níbikíbi, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀. Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ rò pé ẹ̀rù lífíìtì ló ń bà mí.

Daddy ti kó lọ sí Surrey Quays nígbà náà, lọ́dọ̀ ìyàwó tuntun. Kò sí ẹni tó pè mí jókòó kó sọ ọ́ fún mi. Ohun tí mo kàn rí ni pé bàtà rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, Mummy sì ń sọ pé, "Bàbá Ràfíátù ń bọ̀ ní Sátidé," bí ẹni ń sọ pé àlejò ń bọ̀. Bàbá Ràfíátù ló máa ń pè é láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Níjọ́ tí mo bi Mummy bóyá Daddy ti kọ̀ wá sílẹ̀, ẹja ló ń fọ̀ lọ́wọ́, kò sì gbójú sókè. Ó ní ẹ̀sìn wa gbà á láyè, ó ní ilé méjì ló ní báyìí, òun sì ni ìyáálé. Ó ní ìyáálé kì í sá kúrò nílé nítorí pé ìyàwó dé. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ó fẹ́ kí n gbà á gbọ́. Àmọ́ Sátidé Daddy bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá ilé kan ṣoṣo ló ní, pé kì í ṣe tiwa.

Fíìmù kan ló bá mi gbé lọ́dún náà. Mummy ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, láàárín ẹlẹ́ja àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Apá mẹ́ta ni fíìmù náà, ṣùgbọ́n apá kejì àti ìkẹta nìkan ni ọkùnrin náà ní. Ó ní apá kìíní ń bọ̀ láti Èkó. Apá kìíní kò dé títí tí ṣọ́ọ̀bù fi kógbá wọlé, nítorí náà n kò mọ bí Àyìnkẹ́ ṣe délé ọkọ rẹ̀ títí di òní. Àyìnkẹ́ ni obìnrin inú fíìmù náà, ìyàwó ìkẹyìn nínú agbo ilé ńlá kan ní abúlé. Kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè é. Ọmọbìnrin kan tó dúdú, Adúmáadán. Ẹni tí eyín rẹ̀ funfun, Eyínfúnjowó. Ọmọ ọwọ́ kan wà tí wọ́n bí ní oṣù tó ṣíwájú ìgbéyàwó rẹ̀, ọmọ yìí á máa rá kòrò nínú ẹrùpẹ̀, ikun á máa ṣàn nímú rẹ̀, Àyìnkẹ́ á sì kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Kékeré." Mo rẹ́rìn-ín níjọ́ kìíní débi pé ìrẹsì sá pá mi lórí.

Ọ̀sán Sunday nìkan ni Mummy máa ń ráyè wò ó pẹ̀lú mi, lẹ́yìn tí mo bá ti ilé kéú dé. Ó máa ń na ẹsẹ̀ sórí àga, kó máa fi àdí ra orúnkún, kó sì máa ṣàlàyé. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá òun ń ṣe ní Ìṣẹ́yìn. Ó ní ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ ìyàwó ni, ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Orúkọ oyè ni ó máa wá fún un. Mo bi í léèrè àwọn tí òun náà fún lórúkọ nígbà tó di ìyàwó. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún. Ó ní, "Ta ni mo máa fún? Airport ni Bàbá Ràfíátù ti pàdé mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni nílé." Ó padà sórí orúnkún rẹ̀. Mo rò ó nígbà náà pé ìsinmi ńlá nìyẹn, kéèyàn má ní ẹni tó máa kúnlẹ̀ fún. Ọmọdé ni mí.

Mo ti gbọ́ kí àwọn tó kàwé sọ pé èèyàn inú fíìmù kò ní inú, pé ohun tí wọ́n kọ fún un ló ń kà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ẹni tó máa fún ọ lórúkọ oríyìn, ó di dandan kó kọ́kọ́ wò ọ́ dáadáa, kó wá ohun kan tó dára lára rẹ. Àyìnkẹ́ kò lè kórìíra ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ pe ẹni náà, ohun tó dára lára rẹ̀ ló máa jáde lẹ́nu òun. Ẹnu rẹ̀ ló kọ́ ojú rẹ̀ bí a ti ń wo èèyàn. Ní ìparí apá kẹta, ọkọ rẹ̀ kú lóko, àwọn ẹbí ọkọ kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n ní kó máa lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dúró lójúde, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Adúmáadán, Eyínfúnjowó, títí tó fi kan Bàbá Kékeré tó ti ń rìn nígbà náà. Ọmọ náà jáde sí i, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò sì sí àgbàlagbà kan tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́. Mummy máa ń sunkún níbẹ̀. Èmi kì í sunkún. Mo gbà á bí òfin ni: tí èèyàn bá mọ ohun tó yẹ kó pe àwọn ará ilé rẹ̀, wọn kò ní lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo èèyàn lórúkọ nìyẹn. Ìyá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ wa di Ìyá Afínjú, nítorí pé ó máa ń nu ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti díẹ̀ lára tiwa. Bàbá ará Jàmáíkà tó ń gbé nísàlẹ̀ di Eyínfúnjowó, tíṣà mi sì di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Abẹ́ ètè ni mo ti ń kí wọn. Ọmọ kíláàsì mi kan gbọ́ ọ níjọ́ kan lẹ́nu géètì, ó ní, "Who you chatting to?" Mo ní kò sí. Fún ìgbà díẹ̀, ó ṣe mí bíi pé agbo ilé kan ni ibi tí à ń gbé, pé gbogbo wọn jẹ́ tèmi. Àmọ́ orúkọ tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ kì í dáhùn. Mo kí Ìyá Afínjú, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo wá rí i pé gbogbo wọn ni mo sọ lórúkọ, kò sì sí ẹni tó sọ èmi. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé Mummy, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè sọ mí. Ìyàwó tó bá mi nílé ni, nínú gbogbo Lọ́ńdọ̀nù pátá, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà: ìyàwó Daddy.

Nígbà tí Daddy sọ pé aunty ti Surrey Quays fẹ́ rí mi, pé kí n wá lo Sátidé lọ́dọ̀ wọn, mo rò pé Mummy máa kọ̀. Kò kọ̀. Ó di irun mi ní alẹ́ Friday, ó fi òrí pa mí lára títí mo fi ń dán. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí i, kí n má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, kí n má sì jẹun bí ẹni tí ebi ń pa nílé. Bí Daddy ti ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà, Mummy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún kọ́là mi ṣe. Ó ní, "Kí o gbọ́ nǹkan tó máa pè ọ́ o."

N kò ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Tí obìnrin náà bá wá orúkọ kan fún mi, á jẹ́ pé ó mọ̀ pé òun bá èèyàn nílé. Á jẹ́ pé ìyáálé ni Mummy ní tòótọ́, pé iyàrá kan lára ilé wa ni Surrey Quays kàn jẹ́. Tó bá sì pè mí lórúkọ, á jẹ́ pé àlejò ni mí níbẹ̀. Nínú ọkọ̀, mo ń gbàdúrà, mo ń pa orúkọ pọ̀. Adúmáadán wù mí ju gbogbo wọn lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kékeré ni, ó gé irun mọ́lẹ̀, ó sì nu ọwọ́ mọ́ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó nà án sí mi. Kí n tó kúnlẹ̀ tán, ó ti sọ ọ́, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni gbé àwo tó kún: "Ràfíátù. Káàbọ̀, Ràfíátù." Mo sọ fún ara mi pé ó yá jù, pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni, ojú ni á fi wò mí ná. Ó se ìrẹsì, ó dín dòdò, ó mú mi lọ wo àwọn ẹyẹ funfun ńlá lórí omi lẹ́yìn ilé wọn, ó fún mi ní búrẹ́dì láti jù sí wọn. Ràfíátù, ṣé o ti yó? Ràfíátù, òtútù ń mú ẹ? Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bá mi sọ tí kò fi orúkọ mi bẹ̀rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ń tiro, á sọ díẹ̀, á sá sínú Gẹ̀ẹ́sì, á tún padà, èmi sì rò pé ìgbéraga ni, pé kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gidi ṣòfò lé mi lórí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Daddy dá mi padà, mo dúró tì í nídìí síǹkì, mo ń bá a nu abọ́. N kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Aunty, kí lẹ máa pè mí?"

Ó yí sí mi, ojú rẹ̀ yí padà. "Ràfíátù, now. Àbí mi ò say it well?"

"Ẹ pè é dáadáa," ni mo wí.

Inú rẹ̀ dùn. Ó fi ọwọ́ tútù kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo wo ojú fèrèsé títí abọ́ fi tán.

Mummy kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí mo délé. Kò bi mí léèrè oúnjẹ, kò bi mí léèrè ilé. Ó ní, "Kí ló pè ọ́?" Mo ní, "Ràfíátù." Ó ní, "Láàárọ̀?" Mo ní, "Títí mo fi kúrò." Ó jókòó sí etí àga. Ó jọ pé kò bínú rárá, èyí ló dẹ́rù bà mí, nítorí pé mo mọ ìbínú Mummy, mo mọ bí a ti ń yẹra fún un. Ó wá gbé fóònù. Mo dúró ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, mo gbọ́ bó ti ń dún lọ́hùn-ún, mo gbọ́ bí wọ́n ti gbé e.

"Mùkáílà," ni Mummy wí. "Ọmọ mi ò ní wá sílé yín mọ́."

N kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé orúkọ Daddy ni, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ohùn Daddy tó ń yára sọ nǹkan kan, ó ń ṣàlàyé, ohùn náà kéré bíi ti kòkòrò nínú ike, Mummy sì gbé fóònù kalẹ̀ lórí rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Àyìnkẹ́ kò ṣe é, kódà lórí òkú ọkọ rẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Mummy ti jáde kúrò nínú ilé tó ní òun kò ní sá kúrò, pé ó sì ti mú mi dání.

Daddy wá ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà. Mummy kò jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ló bá a sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń bá àwọn ará council sọ, pẹ̀lú please àti thank you. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń retí kí Daddy pe ohun kan tí kò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn lè tì. Ó ní, "Sister, be reasonable." Ilẹ̀kùn tì. Lẹ́yìn náà, àsìkò Iléyá ló ń pè mí, nígbà tó yá wọ́n kó lọ sí Manchester, nígbà tó tún yá ọdún méjì lè kọjá. Ìṣẹ́yìn ló kú sí, kí Ọlọ́run dárí jì í. N kò wo kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́. Ọbẹ̀ ń bẹ nínú ike, ẹ̀wà ń bẹ lórí tábìlì, mo dákẹ́ orúkọ pípè lábẹ́ ètè, gbogbo ará òkè àti ìsàlẹ̀ sì padà di ariwo inú ògiri. N kò tíì tún dá wà tó ìgbà yẹn láyé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sin ọkọ kan.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ ra ẹja fún Mummy ní Rye Lane. Mo dúró lórí ìlà, mo gbọ́ lẹ́yìn mi: "Ràfíátù." Kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Rafi ni mí níbi iṣẹ́, Mama Hakeem ni mí ní mọ́ṣáláṣí. Mo yí padà, mo rí obìnrin kékeré kan tó ti hewú, ó gé irun mọ́lẹ̀. Ó ní òun ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, òun sì mọ̀ mí nítorí pé mo jọ Daddy gan-an. A dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn èèyàn ń fi báàgì gbá wa kọjá. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ béèrè ohun tí òun ṣe ní ọjọ́ náà. Ó ní ṣé oúnjẹ ni? N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ó tẹ́tí, kò já mi lẹ́nu.

Ó wá sọ fún mi pé ọmọ oṣù díẹ̀ ni òun nígbà tí àwọn òbí òun, tí wọ́n ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé òun fún àwọn òyìnbó tọ́ ní Kent. Àwọn òyìnbó náà kò lè pe orúkọ tí wọ́n sọ òun, wọ́n sì sọ òun ní Susan. Ó ní ó ti lé ní ogún ọdún kí òun tó gbọ́ orúkọ òun gan-an lẹ́nu èèyàn. "The day somebody called me by my name, mo sunkún," ó ní. "So when you were coming, I made your dad teach me. All week. Mo fẹ́ kí n pè é dáadáa." Kò gbọ́ nípa orúkọ tí ìyàwó ń fúnni rí. Ta ni ì bá sọ fún un ní Kent? Ohun tó dára jù lọ tó mọ̀ pé ẹnì kan lè fún ẹnì kejì, òun ló fi ń bọ́ mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo dì í mú láàárín àwọn ẹlẹ́ja. Mo ní, "Aunty." Ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó ní òun ní láti lọ bá dókítà, a pínyà.

Mummy ń gé àlùbọ́sà nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún un. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó ti di arúgbó. Ó fi ọwọ́ gbá èèpo àlùbọ́sà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé á sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, tàbí kó sọ pé irọ́ ni obìnrin náà ń pa.

Ó ní, "Orúkọ wo wá ni wọ́n sọ ọ́?"

Mo la ẹnu láti dáhùn. Aunty ni mo pè é ní Surrey Quays. Obìnrin yẹn là ń pè é nínú ilé yìí, ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Aunty náà ni mo tún pè é ní Rye Lane láàárọ̀, tí mo dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mummy."

"O ò bi í?"

"Mi ò bi í."